Òdiwọ̀n Àgbà, Ọkàn Ọmọdé: Àyẹ̀wò Àtẹ Lílù Ọkàn gẹ́gẹ́ bí Àkọsílẹ̀ fún Òǹkàwé Yorùbá

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti fi ojú lámèyítọ́ wo irú àkọsílẹ̀ kan tí àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ kì í sábà kà sí. Àkọsílẹ̀ náà ni àtẹ tí ó ń sọ iye ìgbà tí ọkàn ọmọdé ń lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara rẹ̀ wà ní ìsinmi, láti ọjọ́ tí a bí i títí tí ó fi di ọ̀dọ́langba. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn. Èsì wa ni pé ẹni tí ó ṣe àtẹ ní òǹkàwé kan lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ìtàn ti ní i. Ó yan ọ̀rọ̀ kan, ó fi òmíràn sílẹ̀, ohun tí ó fi sílẹ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ lára òǹkàwé bí ohun tí ó kọ. Nígbà tí a bá gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè Yorùbá, nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkàwé náà sí ibì kan pàtó. Raji Rasaki Estate wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú FESTAC Town tí ìjọba kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977. Orúkọ Raji Rasaki, tí ó di gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1988, ni àdúgbò náà ń jẹ́. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀gùn àti ẹ̀yà mìíràn ni ó jọ ń gbé agbègbè náà. Ìyá kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè ṣe aláìka ìwé ìṣègùn rí, síbẹ̀ kí ó ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ ìka ní kẹ́míìsì, tàbí kí aago ọwọ́ ọmọ rẹ̀ máa ka lílù ọkàn. Ẹ̀rọ náà yóò fún un ní nọ́ńbà. Kò ní sọ fún un ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ lára ọmọ oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ bí ó ṣe yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èdè ni yóò ṣe ìyẹn.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àtẹ yìí máa ń kọsẹ̀ lé lórí bí ó bá dé inú èdè Yorùbá: lù, sinmi, àti yẹ. Ìkọsẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán, nítorí ó lè mú kí ìyá sáré nígbà tí kò yẹ kí ó sáré, ó sì lè mú kí ó jókòó nígbà tí ó yẹ kí ó sáré.

2. Àtẹ náà fúnra rẹ̀

Àtẹ tí ó wà ní MedlinePlus, tí Ilé Ìkàwé Ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé jáde fún ará ìlú, ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ó pín iye lílù ọkàn ní ìṣẹ́jú kan:

Ọmọ tuntun títí dé oṣù kan: 70 sí 190.
Oṣù 1 sí oṣù 11: 80 sí 160.
Ọdún 1 sí 2: 80 sí 130.
Ọdún 3 sí 4: 80 sí 120.
Ọdún 5 sí 6: 75 sí 115.
Ọdún 7 sí 9: 70 sí 110.
Ọdún 10 sókè, àti àgbàlagbà: 60 sí 100.

Bí a bá ka àtẹ yìí gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀, ohun mẹ́ta ni a ó ṣe àkíyèsí. Èkíní ni pé iye náà ń lọ sílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ìdí rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Ọkàn ọmọ tuntun kéré, ẹ̀jẹ̀ tí ó lè tì jáde lẹ́ẹ̀kan kò ju bíi mìlílítà 5 lọ, nígbà tí ti àgbàlagbà tó bíi 70. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara ọmọ tí ó ń dàgbà ń béèrè ohun púpọ̀ ju bí ó ṣe tóbi lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkàn kékeré lè fi bá ìbéèrè yìí pàdé ni kí ó máa lù léraléra.

Èkejì ni pé ààyè tí ó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè kò dọ́gba. Ti ọmọ tuntun fẹ̀ tó 120, ti ọmọ ọdún mẹ́ta kò ju 40 lọ. Èyí ni pé bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe ń sọ ohun tí kò tó nǹkan nípa rẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni èyí, àmọ́ àtẹ náà kò sọ ọ́ síta. Òǹkàwé ni yóò ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba òǹkàwé ni yóò sì ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni pé àtẹ náà ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí ọmọ àkọ́kọ́, òkè ààlà rẹ̀ jẹ́ 160. Ní ọjọ́ kejì, ó di 130. Ọkàn ọmọ kankan kò mọ ọjọ́ ìbí. Àwọn tí ó ṣe àtẹ mọ èyí dáadáa, ṣùgbọ́n àtẹ gẹ́gẹ́ bí irú àkọsílẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Àwọn àtẹ náà kò sì fi ẹnu kò. Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé tí American Heart Association ń ṣe, tí a mọ̀ sí PALS, ìgbà kan wà tí a kó ọmọ ọdún 2 sí 10 pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí a sì fún wọn ní 60 sí 140 bí wọn kò bá sùn. Bí a bá fi ọmọ ọdún mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 65 sínú àtẹ yìí, kò sí ohun tí ó ṣe é. Bí a bá gbé e lọ sínú ti MedlinePlus, ó ti kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àtẹ PALS tí ó tẹ̀lé e wá pín àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ìsọ̀rí tí ó kéré sí i.

Ní ọdún 2011, Susannah Fleming àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford tẹ ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Wọ́n kó iṣẹ́ ìwádìí 69 jọ, iye ọmọ tí a ka lílù ọkàn wọn nínú rẹ̀ sì jẹ́ 143,346. Dípò àtẹ̀gùn, ìlà tí ó tẹ̀ ni wọ́n fà. Ọmọ tí ó wà ní àárín gbùngbùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 127 ní ọjọ́ ìbí, ó gòkè dé 145 ní nǹkan bí oṣù kan, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé 113 nígbà tí ó pé ọdún méjì. Wọ́n fi hàn pé ààlà inú ọ̀pọ̀ àtẹ tí àwọn oníṣègùn ń lò kò bá ohun tí a rí lára àwọn ọmọ mu. Bí àwọn àtẹ bá ń bá ara wọn jiyàn ní èdè tí a ti kọ wọ́n, ó yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra kí ó tó fi ohùn àṣẹ gbé ọ̀kan nínú wọn wá sí èdè tiwa.

3. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta

3.1 Lù

Nínú èdè Yorùbá, ọkàn ni ẹran ara tí ń lù nínú àyà, òun náà sì ni ibùjókòó èrò àti ìmọ̀lára. Bọ́lájí Ìdòwú jíròrò lórí ojú méjèèjì yìí nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962. Nítorí ìsopọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ nípa eré ọkàn ti di ọ̀rọ̀ nípa ìpáyà. Àyà ń já ẹni tí ẹ̀rù bà. Ọkàn ẹni tí ó ṣẹ̀ ń lù kìkì. Ẹni tí ìròyìn búburú bá, ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ẹni tí ohun gbogbo dára fún, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò sí ibì kan nínú àkójọ yìí tí ọkàn tí ń yára ti jẹ́ ohun rere, kò sì sí ibi tí ọkàn tí ó rọra ti jẹ́ ewu.

Ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ ọ́ sára ògiri pé, 'Ọkàn ọmọ oṣù kan ń lù ní ìgbà 145 ní ìṣẹ́jú kan.' Etí Yorùbá yóò gbọ́ ìpáyà nínú gbólóhùn tí ó ń sọ nípa àlàáfíà. Bí a bá tún sọ pé ọkàn ìkókó kan 'ń lù jẹ́jẹ́', etí náà yóò gbọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ níbi tí ikú lè wà. Ẹ̀kọ́ PALS sọ pé bí ọkàn ọmọ bá ń lù ní ìwọ̀n tí kò tó 60, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ṣàn dé ara rẹ̀ dáadáa bí a tilẹ̀ ti ràn án lọ́wọ́ láti mí, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 60 yìí kan náà ni ìsàlẹ̀ ààlà fún àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá fi òdiwọ̀n àgbà wo ìkókó tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 65 yóò rò pé ara rẹ̀ le. Èyí ni ìdí tí a fi ń pe àkíyèsí sí ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé èdè wa kò ní ohun tí a lè fi ṣe é. Gbogbo ìyá ni ó mọ àwújẹ̀ ọmọ. Ó ń rí i bí ó ti ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ láàárín orí, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣe ń rí nìyẹn. Bí àwújẹ̀ bá jìn wọnú ni àyà ìyá yóò já, ìdí tí ó fi já sì tọ́, nítorí àmì pé omi ti gbẹ lára ọmọ ni. Àwújẹ̀ tí ń mí ni ìlù ọkàn tí a fi ojú rí, ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún un kò sì ní ẹ̀rù kankan nínú. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé, 'Bí o ṣe ń rí àwújẹ̀ ọmọ rẹ tí ó ń mí léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń ṣe nínú àyà,' ti gba ọ̀nà ìmọ̀ tí ìyá ti ní tẹ́lẹ̀ dé ibi ìmọ̀ tuntun.

3.2 Sinmi

Ìsinmi nínú àtẹ ní ìtumọ̀ tí ó há. Ọmọ náà kò sùn, ó jókòó tàbí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sunkún, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ní èdè Yorùbá, ẹni tí ó sùn ń sinmi, ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń sinmi, ẹni tí ó kú pàápàá ti lọ sinmi. Bí a bá kọ 'nígbà ìsinmi' láìṣàlàyé, ọ̀pọ̀ ìyá yóò ka lílù ọkàn nígbà tí ọmọ bá sùn, nítorí ìgbà yẹn nìkan ni ọmọ ń sinmi lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ní iye tirẹ̀. Àtẹ PALS tí a ti mẹ́nu bà fún ọmọ tí ó ti ju ọdún 10 lọ ní 60 sí 100 bí ó bá wà lójúfò, ó sì fún un ní 50 sí 90 bí ó bá sùn.

Ó dùn mọ́ni pé jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ilé ni ó ń sinmi níbẹ̀, ọmọ kọ́. Orúkọ yìí ti sọ fún wa pé ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko bí kò bá sí ohun tí ó mú un jókòó. Ìtumọ̀ tí ó bá fẹ́ wúlò yóò sọ ohun tí kí á ṣe: kí a gbé ọmọ lé itan, kí ó dákẹ́, kí a dúró díẹ̀ kí a tó kà.

Ti ibà ni ó ṣe kókó jù lọ. Ara gbígbóná a máa fi bíi ìlù 10 kún iye náà fún ìwọ̀n Sẹ́ǹtígíréèdì kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi gbóná sí i. Ọmọ ọdún méjì tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 115 nígbà tí ara rẹ̀ tutù lè dé 135 bí ibà bá gbé ara rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n méjì. Ó ti kọjá ààlà 130, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ ní àrùn. Ibà ni a ó tọ́jú. Ní ìlú tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bí Èkó, àtẹ tí kò bá dárúkọ ara gbígbóná kò tíì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

3.3 Yẹ

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó fara sin jù. Ohun tí àwọn àtẹ ń sọ ni iye tí a bá lára ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá. Bí a bá wá sọ ọ́ ní Yorùbá, 'iye tí ó yẹ', 'iye tí ó tọ́' tàbí 'iye tí ó bójú mu' ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìwà ni gbogbo wọn. Ohun tí kò yẹ ni a ń bá ọmọ wí fún, ìyá ọmọ sì ni a kọ́kọ́ ń wò lójú bí ọmọ bá ṣe ohun tí kò yẹ. Ọ̀dọ́langba tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ lè ní ọkàn tí ń lù ní ìgbà 50 péré nítorí pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti lágbára. Bí a bá sọ fún un pé kò 'yẹ', a ti fi ẹ̀bi kan ẹni tí ara rẹ̀ yá ju tiwa lọ.

A lè sọ pé kí a lo 'iye tí ó wọ́pọ̀' dípò rẹ̀. Ó sàn, ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù. Ibà wọ́pọ̀, kò sì dára. Òǹkàwé lè rò pé ohun tí ó wọ́pọ̀ ni ohun tí a ti gbà fún, bóyá ó dára bóyá kò dára. Nítorí náà, ní tiwa, gbólóhùn kíkún ni ó lè gbé ìtumọ̀ náà: 'iye tí a sábà ń bá lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá'. Ó gùn, a gbà. Ẹ̀rí wà nínú rẹ̀, ìdájọ́ kò sí.

4. Orúkọ ọjọ́ orí

Àtẹ ń fi oṣù àti ọdún pín ọmọ. Èdè Yorùbá ń fi ohun tí ara ọmọ lè ṣe pín in: ìkókó, ọmọ ọwọ́, ọmọ tí ó ń rákòrò, ọmọ tí ó ń tẹ̀tẹ́, ọmọ ìrìnsẹ̀, títí dé ọ̀dọ́langba. Ọ̀nà yìí bá ìlà Fleming mu ju àtẹ̀gùn lọ, nítorí kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ọmọ dáwọ́ ìrákòrò dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ méjì tí a bí lọ́jọ́ kan náà lè máà rìn lóṣù kan náà. Ohun tí ó dára ni kí a so méjèèjì pọ̀, kí orúkọ wà níwájú kí oṣù sì tẹ̀lé e.

Ibi tí àtẹ MedlinePlus ti kù díẹ̀ káàtó jù lọ lójú Yorùbá ni ìlà ìkẹyìn rẹ̀, tí ó kó ọmọ ọdún mẹ́wàá pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Nínú ìwádìí ti 2011, ẹni àárín láàárín ọmọ ọdún 8 sí 12 ní 84, ti ọdún 12 sí 15 ní 78, ti ọdún 15 sí 18 ní 73. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣì ń sọ̀kalẹ̀ ni, kò tíì dé ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọn kò sọ ọdún tí ọwọ́ fi ń tó pẹpẹ, ohun tí wọ́n sọ ni pé òdiwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan.

5. Àwọn tí ó ti la ọ̀nà

Iṣẹ́ tí a ń béèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jẹ yọ. Káàdì náà fi ọjọ́ orí ọmọ sí ìsàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fa ọ̀nà kan kọjá láàárín. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé. Ìbéèrè tí ìyá ń bi káàdì ni bóyá ọmọ rẹ̀ ń gòkè lọ́nà náà, nọ́ńbà ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti dáhùn rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni ó tan káàkiri ayé láti ibẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ìlànà ìtọ́jú ọmọdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ń lò. Mímí ni a ń kà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ni mímí kíákíá. Oṣù 2 sí 11, 50 sókè ni. Oṣù 12 títí dé ọdún márùn-ún, 40 sókè ni. Nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà gẹ́gẹ́ bí ti ọkàn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tí àtẹ lílù ọkàn fẹ́ kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láìfi ọ̀kankan nínú wọn ṣeré.

6. Àbá

Atakò kan wà tí a gbọ́dọ̀ dá lóhùn. Ẹnìkan lè sọ pé kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, kí ìyá máa wo ọmọ rẹ̀ nìkan. A gbà pé ojú ìyá ṣáájú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti wọ ilé. Bí a kò bá fi èdè tí ó yéni tẹ̀lé e, èrò àgbàlagbà pé ohun tí ó bá ti ju 100 lọ jẹ́ àìsàn ni yóò gba ipò náà. Nítorí náà a dá àbá irú àkọsílẹ̀ yìí:

'Ìyá, ọkàn ọmọdé a máa yára ju tìrẹ lọ, ara tí ó ń dàgbà ni ó fà á. Gbé ọmọ lé itan, jẹ́ kí ó dákẹ́. Fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀ lápá òsì, kí o kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Iye tí a sábà ń bá lára ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ dá, láti oṣù kan sí oṣù mọ́kànlá, jẹ́ 80 sí 160. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, iye náà yóò ga sí i, tọ́jú ibà rẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè mu ọmú, bí gìrì bá mú un, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí kò bá jí dáadáa, tàbí bí ọkàn rẹ̀ bá rọra jù, má ṣe kà mọ́. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.'

A ní kí ó kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko nítorí pé ẹni tí ó bá kà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, tí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, yóò sọ àṣìṣe kan di mẹ́rin. A fi àmì ewu sí ìparí nítorí pé nọ́ńbà kò lè dá ọmọ sílẹ̀ níwájú àmì wọ̀nyẹn. Fún ará Raji Rasaki Estate, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ti ìjọba wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, orúkọ ibi tí a ó gbé ọmọ lọ sì yẹ kí ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí a bá ṣe fún wọn.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àtẹ lílù ọkàn ọmọdé kò pé nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ tí ó yí nọ́ńbà ká ni ó ń sọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí a ti rò pé ó mọ̀, àti ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Lílù ọkàn ní Yorùbá ti ru ẹrù ìpáyà tẹ́lẹ̀, ìsinmi gbòòrò ju bí àtẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ, yẹ sì ń dájọ́ níbi tí a ti ń wá ẹ̀rí. Àwújẹ̀, ìrákòrò àti ìrìnsẹ̀ wà nílẹ̀ láti ràn wá lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ni kí a jókòó ti àwọn oníṣègùn ọmọdé nígbà tí wọ́n bá ń kọ irú àtẹ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tán.